Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Messiah Kọ́kọ́ Dún

Ẹni tó bá ti lọ ìsìn orin Kérésì nínú ìjọ ńlá ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò ti gbọ́ Hallelujah Chorus. Bí dùùrù bá ti gbé e, gbogbo ìjọ a dìde, akọrin a gbé ìwé sókè, àwọn ìyá tí kò ka nóòtì rí a sì máa bá wọn gbè é. Inú iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Messiah ni orin náà ti wá. George Frideric Handel ló kọ ọ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ìjọ ni pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dún, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe ìgbà Kérésì ni, ara owó tí wọ́n pa lórí rẹ̀ ni wọ́n sì fi tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ yẹn kò tíì gbọ́ orin náà tán. Ẹ jẹ́ ká tọ ọjọ́ ọ̀hún láti ìdájí títí dé ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742, ní Dublin, olú-ìlú Írẹ́lándì.

Aago márùn-ún ìdájí

Ilẹ̀ ti mọ́. Kàlẹ́ńdà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Írẹ́lándì ń lò nígbà náà fi ọjọ́ mọ́kànlá rẹ̀yìn sí ti àwọn ará Faransé àti Ítálì. Ohun tí Dublin ń pè ní ọjọ́ 13, ọjọ́ 24 ni níbòmíràn, ojúmọ́ sì máa ń tètè mọ́ ní apá àríwá lásìkò yẹn. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni. Àjíǹde ku ọjọ́ márùn-ún.

Ìlú tó jí láàárọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ikú ni. Òtútù tó mú láti ìparí 1739 wọ 1740 ba ọ̀dùnkún jẹ́ nínú ilẹ̀, ó pa ẹran ọ̀sìn, ọ̀dá sì tẹ̀ lé e. Ebi àti ibà wá kó àwọn ènìyàn lọ. Àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n pé ó lé ní 300,000 ará Írẹ́lándì tó kú, àwọn tó ṣẹ́kù sì sọ 1741 ní ọdún ìpakúpa.

Ibi tí ebi bá wọ̀, gbèsè kì í pẹ́ bá a níbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí i san a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà, ìwọ̀fà a sì máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí owó yóò fi pé. Ní Dublin, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tó yá ọ lówó lè ní kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé lórí pọ́ùn díẹ̀, o ò sì ní jáde títí wàá fi san án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣiṣẹ́ owó náà nígbà tí o wà ní àtìmọ́lé? Àwọn wọ́dà pàápàá ń gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n, owó ìwọlé, owó ibùsùn, tó fi jẹ́ pé gbèsè ẹlòmíràn a máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wọ̀n náà, tí wọ́n ń pè ní Black Dog, tí ìyà inú rẹ̀ ti dé etí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1729, kò jìnnà sí òpópónà Fishamble tí orin ọ̀sán ọjọ́ náà ti máa dún.

Ní ìdájí yẹn, ènìyàn 142 wà lẹ́wọ̀n gbèsè ní Dublin tí orin náà máa yọ jáde.

Aago méje

Ní òdìkejì odò Liffey, ní òpópónà Abbey, ni Handel gbalé sí. Ẹni ọdún 57 ni, ọkùnrin ńlá, abinú-fùfù tí inú rẹ̀ mọ́. Ọmọ Jámánì ni. Ìlú Halle ni wọ́n bí i sí ní 1685. Bàbá rẹ̀, tó ń gẹrun tó sì ń ṣiṣẹ́ abẹ, fẹ́ kó di lọ́yà. Ó lọ sí Ítálì nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 21, ibẹ̀ ló ti mọ bí a ṣe ń kọ orin tí ọ̀fun ènìyàn yóò fẹ́ràn láti kọ. Lẹ́yìn náà ló fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ òfin ní 1727.

Òpẹ́rà lédè Ítálì ló fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ ẹ mọ́. Ní 1737, àìsàn mú apá ọ̀tún rẹ̀, kò lè fi tẹ dùùrù. Ara rẹ̀ padà yá, ṣùgbọ́n ọjà kò yá: Deidamia, òpẹ́rà tó kọ kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1741. Ẹni tó mọ òkìkí ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀ lè rò pé ó ti parí fún un.

Inú ọdún yẹn náà ni Charles Jennens, ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ràn orin rẹ̀, ṣa ẹsẹ Bíbélì jọ fún un. Mo fẹ́ ká bu ọlá fún Jennens, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dárúkọ rẹ̀. Kò fi ìtàn tirẹ̀ kún un, kò sí ẹni tó ń ṣe Jésù, kò sí ẹni tó ń ṣe Pílátù. Aísáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Málákì gbà á, Lúùkù dé pẹ̀lú àwọn olùṣọ́-àgùntàn, Sáàmù, Jóòbù, Pọ́ọ̀lù, Ìfihàn. Ẹsẹ Bíbélì lásán ni, ṣùgbọ́n ó tò wọ́n débi pé a rí ìlérí, ìbí, ìyà, ikú, àjíǹde àti ìparí ayé, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohunkóhun fún wa.

Handel bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin sí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1741, ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 24 péré. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní British Library títí dòní, ojú ewé 259, yíǹkì dà sí i níhìn-ín, ó fagi lé nǹkan lọ́hùn-ún. Àwọn kan máa ń sọ lórí pẹpẹ pé áńgẹ́lì ló pe orin náà sí i létí. Èmi gbà pé Ọlọ́run ń lo ènìyàn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká gba iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ fún áńgẹ́lì. Ọkùnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kíákíá ló máa ń kọ̀wé: kò pẹ́ tó parí Messiah tó fi bẹ̀rẹ̀ Samson, kí oṣù kẹwàá tó parí ó ti kọ èyí náà délẹ̀. Ó sì mọ bí a ṣe ń lo ohun tó wà nílé. Kọ́rọ́ọ̀sì aláyọ̀ tó kọ sórí Aísáyà orí 9, nípa ọmọ tí a bí, inú orin ìfẹ́ kan lédè Ítálì tó kọ fún ohùn méjì ní oṣù keje ọdún náà ló ti mú ohùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ijó ọ̀dọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí aṣojú ọba ní Írẹ́lándì, Dúúkì Devonshire, ní kó wá, ó kó ìwé orin náà dání. Ó gúnlẹ̀ sí Dublin ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1741. Inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí Jennens kí ọdún tó parí pé orin ń dún dáadáa nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fún òun, àti pé àwọn ará ìlú gba òun tọwọ́tẹsẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án

Àwọn tó máa kọ kọ́rọ́ọ̀sì ni akọrin Kàtídírà méjì tó wà nílùú, St Patrick's àti Christ Church. Rírí wọn gbà kò rọrùn. Díìnì St Patrick's nígbà náà ni Jonathan Swift, òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ mọ́ Gulliver's Travels. Ẹni ọdún 74 ni, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní, ó fi ìbínú kọ̀wé pé òun kò fún akọrin òun láṣẹ láti bá àwọn olórin kan ṣe ohunkóhun ní òpópónà Fishamble, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tó bá lọ. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìgbìmọ̀ kan jẹ́rìí sí i pé kò lè bójú tó nǹkan ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti pẹ̀tù sí ìbínú rẹ̀, akọrin sì wá.

Wọn kò pọ̀. Kwáyà tí kò tó ènìyàn àádọ́ta ló kọ́kọ́ kọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ń kọ lónìí. Kò sí obìnrin láàárín wọn. Àwọn ọmọkùnrin ló ń kọ ohùn òkè, àwọn àgbà ń kọ áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: iṣẹ́ náà gba àwọn méjèèjì. Àwọn ọkùnrin kan láti inú kwáyà yìí náà ni wọ́n yàn láti dá kọ orin tẹ́nọ̀ àti ti báàsì.

Ó yẹ kí akọrin mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chester, níbi tí Handel ti ń dúró de afẹ́fẹ́ tó máa gbé ọkọ̀ lọ sí Írẹ́lándì. Ó fẹ́ dán àwọn kọ́rọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wò, ó sì pe akọrin Kàtídírà ibẹ̀. Báàsì kan, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀, ń ṣìnà léraléra. Handel gbaná jẹ, ó bi í pé ṣebí ó ní òun lè kọ nóòtì ní wíwò. Ọkùnrin náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun lè kọ ọ́ ní wíwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní wíwò àkọ́kọ́. Charles Burney, tó jẹ́ ọmọ iléèwé nígbà náà tó sì padà di òǹkọ̀wé ìtàn orin, ló sọ ọ́ fún ayé. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ akọrin mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ lọkùnrin náà sọ. Kọ́rọ́ọ̀sì Messiah ń sáré, ó ń tàn ọ́, nóòtì a máa tẹ̀ léra wẹ́rẹwẹ̀rẹ ní ibi tí o ti rò pé wàá mí.

Ṣùgbọ́n ti Dublin ti gbára dì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yẹn, wọ́n ṣe ìdánrawò ní gbangba, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sì lè wá gbọ́ ọ. Ìwé ìròyìn yìn ín débi pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tí ì dé etí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12, ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Àwọn ènìyàn pàtàkì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un sí ọjọ́ kejì.

Aago mọ́kànlá

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn orin òpópónà Fishamble kò tíì pé ọdún kan. Oṣù kẹwàá 1741 ni wọ́n ṣí i, ẹgbẹ́ olórin aláàánú kan ló sì ní kí wọ́n kọ́ ọ, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí wọ́n máa fi orin wá owó san gbèsè àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣe Handel ló mú àánú wá sí Dublin. Ó bá a níbẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìdajì gínì kan, owó tó ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ fún alágbàṣe. Ẹni tó ní lọ́wọ́ ló lè wá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti àga tí àwọn ọkùnrin méjì ń gbé ní èjìká ń já èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iye èrò tí gbọ̀ngàn náà lè gbà dáadáa jẹ́ 600. Àwọn alákòóso fẹ́ 700, nítorí orí kọ̀ọ̀kan owó ni, owó kọ̀ọ̀kan sì ni oúnjẹ aláìsàn àti òmìnira ẹlẹ́wọ̀n.

Wọ́n wá tẹ ẹ̀bẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn. Àwọn obìnrin ọlọ́lá ìgbà yẹn máa ń wọ yẹ̀rì tí wọ́n fi egungun ẹja ńlá ṣe òrùka sí lábẹ́, tí aṣọ a fi fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí obìnrin bá jókòó. Wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́ wá. Wọ́n bẹ àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n fi idà sílé. Idà ni àmì pé ọkùnrin jẹ́ ẹni ńlá; yẹ̀rì fífẹ̀ ni àmì pé obìnrin jẹ́ ẹni ńlá. Wọ́n gbọ́. Ẹni 700 wọlé.

Aago méjìlá ọ̀sán

Matthew Dubourg, olórí àwọn onífáolíìnì, gbé ọ̀pá fáolíìnì sókè. Handel wà nídìí dùùrù. Ohùn àwọn fáolíìnì kọ́kọ́ wúwo, ní E máínọ̀, ó dà bíi pé ìròyìn burúkú ló ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yí padà sí E méjọ̀, ohùn tẹ́nọ̀ kan sì dá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀rọ̀ Aísáyà orí 40 tu àwọn ènìyàn nínú. Ìlú tí ebi ti pa ní ọdún kan ṣáájú ló jókòó tó ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin mìíràn tó tọ́ sí àkókò rẹ̀ báyìí.

Àwa tí ìlù gángan ń bá sọ̀rọ̀ láti kékeré, kò ní ṣòro fún wa láti mọ ohun tí Handel ń ṣe nínú orin tó tẹ̀ lé e. Wòlíì ní àfonífojì yóò ga, òkè yóò rẹlẹ̀, ibi wíwọ́ yóò tọ́. Bí tẹ́nọ̀ bá kan àfonífojì tó ń ga, ohùn rẹ̀ a sáré gun òkè; bó bá kan ibi wíwọ́, ohùn a máa yí sọ́tùn-ún sósì láàárín nóòtì méjì; bó bá dé ibi pẹ̀tẹ́lẹ̀, a dúró lórí nóòtì kan, gbọọrọ, kò sì ní mì. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ibi tí wòlíì dé.

Apá kìn-ín-ní dé oko àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Handel fi orin kékeré kan síbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀, ohùn àwọn darandaran Ítálì tí wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá fun fèrè nígbà Kérésì. Christina Maria Avoglio, obìnrin ọmọ Ítálì tó ní ohùn sòpránò, ló ròyìn áńgẹ́lì. Nígbà tí ogun ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dún, ṣùgbọ́n Handel kọ ọ́ sínú ìwé pé kó dún láti òkèèrè, jẹ́jẹ́. Ìlù kò tíì dún rárá. Ó ń pa á mọ́.

Aago kan kọjá

Bí a bá fi gígùn orin náà wọ̀n ọ́n, tí a sì fi àwọn orin dùùrù tí Handel tẹ̀ láàárín ọ̀sán kún un, aago kan ti kọjá nígbà tí Susannah Cibber dìde nínú apá kejì.

Ẹni ọdún 28 ni, àbúrò Thomas Arne tó ń kọ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Òṣèré orí ìtàgé ni ju akọrin lọ. Ọkọ rẹ̀, Theophilus Cibber, ti gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù ní 1738. Ó pe William Sloper lẹ́jọ́ pé ó bá ìyàwó òun ní àjọṣe, ó sì béèrè £5,000. Ẹlẹ́rìí kan yọjú láti inú kọ́lọ́fín, ó wá ròyìn gbogbo ohun tó rí fún adájọ́. Ó hàn ní kóòtù pé ọkọ fúnra rẹ̀ ló fa Sloper wọlé, tó sì ń jẹ lára owó rẹ̀. £10 péré ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ ẹjọ́ náà ní ìwé, wọ́n sì tà á kiri. Obìnrin náà ló jẹ ìtìjú. Ó kúrò lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù. Dublin ló ti padà yọjú sí gbangba, ní ìparí 1741.

Handel fún un ní orin tó jẹ́ ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Aísáyà orí 53: ẹni tí wọ́n kẹ́gàn, tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ẹni ìbànújẹ́. Burney, tó gbọ́ obìnrin náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì mọ orin lọ títí. Ohun tó ní ni pé ó mọ ohun tó ń sọ, ó sì ń dé ọkàn. Handel sì kọ orin náà bí ẹni mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí fífò, kò sí sísáré. Obìnrin náà a sọ gbólóhùn kan, a dákẹ́. Fáolíìnì a dá a lóhùn, wọ́n a dákẹ́. A sọ ọ̀rọ̀ kan péré, a tún dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni orin náà. Láàárín rẹ̀, fáolíìnì yí padà, wọ́n ń lu pàà-pàà-pàà bíi pàṣán, nítorí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tó ń nà án. Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ àkọ́kọ́ padà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 700 ló mọ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo obìnrin tí wọ́n ti kẹ́gàn bó ṣe ń kọrin nípa Ẹni tí wọ́n kẹ́gàn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ìgbà náà ni pé Àlùfáà Patrick Delany ti St Patrick's, tí ìyàwó rẹ̀ kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, dìde níbi tó jókòó, ó sì ké sí i pé nítorí èyí, kí a dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í.

Mo fẹ́ bẹ àwọn arábìnrin áltò tó ń kọ orin yìí lóde òní: ẹ má pariwo rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ohùn ńlá, olóhùn dídùn, tí kò sì kan mi lára, nítorí wọ́n fi ohùn kún gbogbo ibi tí Handel ní kí wọ́n dákẹ́.

Kọ́rọ́ọ̀sì mẹ́ta tẹ̀ lé e ní kíákíá. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo wa ti ṣáko bí àgùntàn, ni Aísáyà wí, kwáyà náà sì ń ṣáko ní tòótọ́: ohùn kan gba ìhín lọ, èkejì gba ọ̀hún lọ, inú wọn ń dùn, wọ́n ń yí kiri. Lójijì, ní ìparí, ohun gbogbo fà sẹ́yìn, ó wúwo, ó ṣókùnkùn: a ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa lé Ẹnì kan lórí. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú ló wá mọ ohun tí ìṣáko náà ná ẹlòmíràn.

Aago méjì

Ibí ni ìlù ti dún. Handel ti pa á mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wá tú u jáde pẹ̀lú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní D méjọ̀: Hallelujah Chorus, ọ̀rọ̀ láti inú Ìfihàn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí náà ohun méjì péré ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Èkíní ni ibi tí ohùn òkè ti di nóòtì kan mú gbọọrọ, tí àwọn tó kù ń dáhùn nísàlẹ̀, tí nóòtì náà sì ń gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀fun kò fi ní ibi tó tún máa lọ. Èkejì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà ṣáájú hallelujah ìkẹyìn. Ọkùnrin tó kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sínú orin ìtìjú ló kọ ọ́ sínú orin ìṣẹ́gun.

Lórí dídìde: wọ́n ń sọ pé Ọba George Kejì ló kọ́kọ́ dìde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1743. Kò sí ìwé kankan láti ọdún náà tó sọ pé ọba wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan tí wọ́n kọ ní 1780 ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Èmi kò rí ohun tó burú nínú dídìde. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dìde nítorí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan bí aago mẹ́ta

Apá kẹta kúrú. Sòpránò kọ ìgbàgbọ́ Jóòbù, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti báàsì sọ ti àjíǹde òkú, Àmín ńlá sì parí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ohùn mẹ́rin ń gbà lọ́wọ́ ara wọn fún ìṣẹ́jú púpọ̀.

Èrò tú jáde sí òpópónà. Edward Synge, bíṣọ́ọ̀bù Elphin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ aláfẹ́ pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn fara balẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìrọ̀lẹ́

Owó tó wọlé tó nǹkan bí £400. Handel kò gba kọ́bọ̀. Dubourg kò gbà, Avoglio àti Cibber kò gbà, akọrin Kàtídírà méjèèjì kò gbà. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí £127 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ilé Ìwòsàn Mercer, ilé ìwòsàn aláàánú tó wà ní Inns Quay, àti ẹgbẹ́ tó ń san gbèsè ẹlẹ́wọ̀n. Ìpín ẹgbẹ́ ìkẹta yìí ló tú ènìyàn 142 sílẹ̀. Ìwé ìròyìn kò kọ orúkọ wọn. Wọ́n padà sí ilé wọn.

Lọ́ńdọ̀nù kò tètè gbà á. Ní 1743, àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ilé ìṣeré, kí òṣèrébìnrin sì máa dárúkọ Olúwa. Handel kò lè kọ orúkọ Messiah sórí ìpolówó pàápàá. Láti 1750 ló ti ń kọ ọ́ lọ́dọọdún fún ilé àwọn ọmọ tí òbí wọn já sílẹ̀, Foundling Hospital, ìgbà yẹn ni ìlú náà sì wá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà ayé Handel, àsìkò Àjíǹde ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́. Ojú rẹ̀ fọ́ kẹ́yìn ọjọ́, síbẹ̀ ó ń wá jókòó nídìí dùùrù. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1759 ló gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó kú lọ́jọ́ 14, ó sì fi ẹ̀dà gbogbo ìwé orin náà sílẹ̀ fún Foundling Hospital nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ní Dublin, gbọ̀ngàn náà ti wó, ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ nìkan ló kù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 13 oṣù kẹrin, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní gbangba òpópónà náà.

Ilẹ̀ wa náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, Ekúndayọ̀ Phillips tẹ dùùrù láti 1914 di 1962, abẹ́ rẹ̀ sì ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ orin gẹ́gẹ́ bí ọmọ kwáyà. Láti irú ibẹ̀ ni orin Handel ti wọ ilé wa, kò sì sí ẹni tó tún lè yọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, tí ẹ ti ń fa Messiah yọ láti inú àpótí fún Kérésì tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìlú wa lónìí, ìyá ọlọ́mọ tuntun ń bẹ ní ilé ìwòsàn tí wọn kò jẹ́ kó lọ sílé nítorí owó ìbímọ. Ọ̀dọ́ ń bẹ lẹ́wọ̀n nítorí owó ìtanràn tí kò ju owó aṣọ ẹgbẹ́ kan lọ. Kí ẹ tó kọrin, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n jẹ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ètò, ẹ gbé igbá sẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọrin náà dáadáa, kí ẹ sì lọ san án láàárọ̀ ọjọ́ kejì.